Ìtàn Bí Ẹ̀dá Ṣe Fi Kọ̀ǹpútà Ṣírò Agbára Ìkarahun Onípele

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ọ̀rọ̀ yìí bá ìwà ènìyàn mu, ó sì bá ìwà igi, irin àti fọ́nrán mu pẹ̀lú. Bí a bá fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo yọ nínú ọwọ̀, ọmọdé lè ṣẹ́ ẹ. Bí a bá dì wọ́n pọ̀ tán, àgbà tí ó bá fẹ́ ṣẹ́ ọwọ̀ náà yóò làágùn. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ẹ̀dá ti mọ èyí. Ohun tí ó ṣòro láti mọ̀ ni iye rẹ̀: ẹrù tí ó tó mélòó ni ohun tí a pa pọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gbà kí ó tó ṣẹ́? Báwo sì ni a ṣe lè mọ̀ ọ́n láì kọ́kọ́ ṣẹ́ ẹ?

Ìtàn bí àwọn onímọ̀ ṣe wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí. Ó lè ya òǹkàwé kan lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹnjiníà wọ inú ìwé ìròyìn Ẹ̀ka-Ẹ̀kọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n èdè tí ó lè sọ ìtàn ogun Kírìjì láì ṣì í sọ yẹ kí ó lè sọ ìtàn ìmọ̀ tí ó gbé bàálù ró ní òfuurufú. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìtàn náà tí ó kan gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ẹ̀kọ́ náà ni pé ìdáhùn tí ẹ̀rọ ń fúnni kò tíì fìgbà kan dára ju ìbéèrè tí ènìyàn bi í lọ. Ojú ibi tí nǹkan méjì ti pàdé ni ìbéèrè náà sì ti máa ń kù díẹ̀ káàtó jù lọ.

KÍ NI ÌKARAHUN ONÍPELE?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ yìí yé ara wa. Lọ́dọ̀ àwọn ẹnjiníà, ìkarahun ni ohunkóhun tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n tí ó tẹ̀ bí ọrun tàbí tí ó rí roboto. Ẹyin adìyẹ, igbá, akèǹgbè àti ilé ìgbín, ìkarahun ni gbogbo wọn. Èèpo ẹyin kò nípọn ju èékánná lọ, síbẹ̀ bí a bá fi àtẹ́lẹwọ́ fún un ní ìdọ́gba yíká, kì í yá fọ́. Ìdí ni pé ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó tẹ̀ ń pín ẹrù náà kiri gbogbo ara. Kò sí ibì kan tí ó dá gbogbo rẹ̀ rù.

Onípele ni ohun tí a fi ìpele lé ìpele ṣe. Ẹ wo pákó pílíwúùdù tí àwọn káfíńtà ń lò. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a fi àtè lẹ̀ mọ́ra wọn. Bí fọ́nrán igi inú ìpele kan bá wà ní òòró, ti ìpele kejì a wà ní ìbú. Ẹni tí ó bá ti la igi ìdáná rí mọ ìdí rẹ̀: igi yára là ní òòró, ṣùgbọ́n àáké a máa jìyà kí ó tó gé e ní ìbú. Nígbà tí a bá to ìpele ní òòró àti ìbú, ibi tí ọ̀kan kù sí ni èkejì ti ń gbè é.

Bí a bá pa àbùdá méjèèjì yìí pọ̀, ìkarahun onípele ni a ó ní. Àpẹẹrẹ kan tí ó lókìkí ni ọkọ̀ òfuurufú Mosquito tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ọjọ́ 25, oṣù Kọkànlá, ọdún 1940 ni ó kọ́kọ́ fò. Pákó onípele ni ó pọ̀ jù nínú ara rẹ̀: igi líle lóde, igi líle nínú, igi fífúyẹ́ tí a ń pè ní balsa láàárín. Ọkọ̀ náà yára púpọ̀. Síbẹ̀, ní ọdún 1944, díẹ̀ nínú àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní Íńdíà tú lójú òfuurufú. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n rí àléébù ní ojú ibi tí a ti fi àtè lẹ̀ wọ́n. Kí òǹkàwé jọ̀wọ́ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà bá a níwájú.

ÌṢÍRÒ ÀWỌN ÀGBÀ ÌMỌ̀

Kí kọ̀ǹpútà tó dáyé ni ìṣírò ti wà. Ní ọdún 1678, Robert Hooke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ òfin kan jáde tí gbogbo ohun tó kù dúró lé lórí. Ó ní bí a bá so ẹrù kọ́ ohun tí ó lè nà, bí ẹrù náà bá ti pọ̀ tó ni ohun náà yóò nà tó. Bí ẹrù bá di ìlọ́po méjì, nínà rẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì pẹ̀lú, níwọ̀n ìgbà tí a kò bá tíì nà án kọjá agbára rẹ̀.

Ní ọdún 1850, Gustav Kirchhoff, ọmọ Jámánì, gbé ìlànà kalẹ̀ fún ohun pẹrẹsẹ tí ó tinrin. Ní ọdún 1888, A. E. H. Love mú ìlànà náà kúrò lórí ohun pẹrẹsẹ, ó gbé e wá sórí ohun tí ó tẹ̀, èyí tí í ṣe ìkarahun gan-an. Àwọn méjèèjì gba ohun kan gbọ́. Wọ́n gbà pé bí a bá fa ìlà tààrà láti ojú òkè ìkarahun dé ojú ìsàlẹ̀ rẹ̀, bí ìkarahun náà tilẹ̀ tẹ̀, ìlà náà kò ní wọ́, kò sì ní dà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Iṣẹ́ wọn dára, a sì ń lò ó títí di òní. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìṣírò náà kì í rọrùn láti parí àfi bí ohun tí a ń ṣírò bá rí bí àgbá, bí bọ́ọ̀lù tàbí bí awo pẹrẹsẹ. Bí a bá dá ihò fèrèsé sí ara rẹ̀, tàbí tí a bá jẹ́ kí ibì kan nípọn ju ibì kan lọ, ìwé àti gègé kò lè parí rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí bàálù tí kò ní fèrèsé.

GÍGÉ SÍ WẸ́WẸ́

Bí iyán bá tóbi, òkèlè òkèlè ni a fi ń jẹ ẹ́. Ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ dá nìyí. Ní ọdún 1941, Alexander Hrennikoff tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú èyí tí ó ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀pá kéékèèké tí a so pọ̀ dípò ohun pẹrẹsẹ kan. Ní ọdún 1943, Richard Courant tẹ tirẹ̀ náà jáde. Onímọ̀ ìṣírò ni, ìjọba Násì ti lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní Jámánì, ó sì ti fìdí kalẹ̀ sí New York. Ó fi hàn pé bí a bá pín ohun kan sí àwọn ègé onígun mẹ́ta, tí a sì wá ìdáhùn tí ó rọrùn fún ègé kọ̀ọ̀kan, a lè rí ìdáhùn tí ó sún mọ́ òtítọ́ fún odindi. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tí yóò bá ènìyàn ro iye tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Iṣẹ́ rẹ̀ wà nílẹ̀ fún ọdún mélòó kan láì sí ẹni tí ó yà sí i.

Àwọn ẹlẹ́rọ bàálù ni ó jí ọ̀rọ̀ náà dìde. Ní ọdún 1952, olùkọ́ kan ní yunifásítì Berkeley, Ray Clough, lo àkókò ọlidé rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Boeing. Ó bá wọn ní ẹnu ìṣòro: apá bàálù tuntun tí ó rí bí onígun mẹ́ta kò ṣe é fi ọ̀nà àtijọ́ ṣírò. Lábẹ́ M. J. Turner, wọ́n gé awọ apá náà sí onígun mẹ́ta kéékèèké. Ní ọdún 1956, Turner, Clough, Martin àti Topp tẹ iṣẹ́ náà jáde. Láàárín ọdún 1954 sí 1955, John Argyris, ọmọ Gíríìkì tí ó ń kọ́ni ní London, ti tẹ irú ìlànà bẹ́ẹ̀ jáde láti ọ̀nà tirẹ̀. Ní ọdún 1960 ni Clough sọ ọgbọ́n náà ní orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí lónìí, finite element. Ní Ṣáínà, níbi tí ìròyìn iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí kò dé dáadáa, Feng Kang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣírò agbára ìdídò ńlá, wọ́n sì dá ọgbọ́n kan náà. Ọdún 1965 ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Báwo ni ọgbọ́n yìí ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo àwọ̀n apẹja. Ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan dúró fún ègé kan; ibi tí okùn ti ta kókó ni ègé kan ti fọwọ́ kan òmíràn. A ó pe kókó náà ní oríkèé. Bí a bá fa oríkèé kan, àwọn tí ó yí i ká yóò mọ̀ ọ́n lára, àwọn náà yóò sì fa àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn. Fún ègé kọ̀ọ̀kan, òfin Hooke sọ bí oríkèé rẹ̀ yóò ti sún tó bí a bá tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà ni yóò kó òfin gbogbo ègé jọ sínú tábìlì ńlá kan, tí yóò wá ibi tí oríkèé gbogbo yóò sún sí lẹ́ẹ̀kan náà, kí gbogbo fífà àti títẹ̀ lè dọ́gba. Àwọ̀n tí ó ní oríkèé 100,000 kì í ṣe ohun ìyanu lóde òní. Bí ojú àwọ̀n bá ti kéré tó ni ìdáhùn yóò sún mọ́ òtítọ́ tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ ẹ̀rọ yóò pọ̀ tó.

ÀWỌN ÈTÒ KỌ̀ǸPÚTÀ DÉ

Láàárín ọdún 1960 sí 1970, àjọ NASA tí í ṣe ti Amẹ́ríkà rí i pé ẹ̀ka iṣẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń kọ ètò ìṣírò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n pinnu láti ní ẹyọ kan tí gbogbo wọn yóò máa lò. Bí wọ́n ṣe bí ètò NASTRAN nìyí. Ní ọdún 1970, John Swanson dá ilé-iṣẹ́ tí ó ń ta ètò ANSYS sílẹ̀. Ní ọdún 1978, Hibbitt, Karlsson àti Sorensen dá èyí tí ó bí ètò ABAQUS sílẹ̀. Nígbà náà, páálí tí a lu ihò sí ni a fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ọ̀hún sì tóbi tó odindi yàrá. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé ètò wọ̀nyí sórí kọ̀ǹpútà tí ó ń gbé sí abíyá.

Ìkarahun kò rọrùn fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1970, Ahmad, Irons àti Zienkiewicz, ní yunifásítì Swansea ní Wales, tẹ ìlànà ègé kan jáde tí ó tẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ó sì bá ìkarahun tinrin àti èyí tí ó nípọn mu. Irú ègé yìí wúlò gidigidi fún ohun onípele. Ẹ mú ìwé kan tí ó ní ojú-ewé púpọ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ọrun. Ẹ ó rí i pé etí rẹ̀ dà sí ẹ̀gbẹ́, nítorí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan ń yọ̀ lórí èkejì. Ìlà tí Love ní kò ní dà ti dà nìyẹn! Àtè tí ó wà láàárín ìpele rọ̀ ju fọ́nrán lọ, nítorí náà ìpele a máa fẹ́ yọ̀ lórí ara wọn díẹ̀. Eric Reissner ní ọdún 1945 àti Raymond Mindlin ní ọdún 1951 ti ṣe ìṣírò tí ó fi àyè gba yíyọ̀ yìí, òun sì ni ègé tuntun náà mú lò.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá òun ṣírò ìkarahun onípele gbọ́dọ̀ sọ ohun púpọ̀ fún un. Yóò sọ iye ìpele, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti nípọn tó, àti ibi tí fọ́nrán rẹ̀ kọjú sí: òmíràn ní ìwọ̀n 0, òmíràn ní 45, òmíràn ní 90. Yóò sọ bí ìpele náà ti le tó ní òòró àti ní ìbú, nítorí ìpele fọ́nrán kábọ́nù lè fi ìlọ́po 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ le ní òòró ju ìbú lọ. Bí ó bá to ìpele tí òkè kò bá ìsàlẹ̀ dọ́gba, a lè fà á gbọọrọ, kí ó sì máa lọ́ bí ewé tí oòrùn pa. Ìdí nìyí tí àwọn ẹnjiníà fi sábà máa ń tò ó bí ẹni pé dígí wà ní àárín: bí òkè ti rí ni ìsàlẹ̀ rí.

Ohun kan wà tí kọ̀ǹpútà kì í béèrè. Ègé ìkarahun onípele tí ó wọ́pọ̀ gbà láì jiyàn pé àwọn ìpele náà lẹ̀ mọ́ra pinpin, láì sí ihò, láì sí híhunjọ, láì sí ibi tí àtè kò dé. Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá ń tú kúrò lára wọn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi ègé mìíràn há àárín ìpele. Ìlànà irú ègé bẹ́ẹ̀ ti wà láti ìgbà tí Hillerborg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden ti fi ṣírò bí kọnkéré ṣe ń sán ní ọdún 1976. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ó wọ iṣẹ́ ohun onípele.

Ìgbà wo gan-an ni ìpele yóò ṣẹ́? Lórí èyí, àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò tán. Òfin Tsai àti Wu jáde ní ọdún 1971, ti Hashin jáde ní ọdún 1980, òmíràn sì tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí ó yá, Hinton àti Soden ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pe àwọn tí ó dá òfin wọ̀nyí sílẹ̀ sí ìdíje: kí oníkálùkù fi òfin tirẹ̀ sọ ìgbà tí àwọn ohun onípele kan náà yóò ṣẹ́, lẹ́yìn èyí ni a ó fi ìdánwò tòótọ́ wọ̀n wọ́n. Àbájáde rẹ̀ jáde láàárín ọdún 1998 sí 2004. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìdáhùn àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà kò kéré rárá.

IBI TÍ ÌṢÍRÒ ÀTI ÒTÍTỌ́ TI PÀDÉ

Ìtàn mẹ́rin ni mo fẹ́ fi ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn.

Èkíní ni ti ẹ̀rọ bàálù RB211. Ní ọdún 1958, Roger Bacon ní Amẹ́ríkà ti rí fọ́nrán kábọ́nù tí ó lágbára púpọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, Akio Shindo ní Jàpáànù àti àwọn onímọ̀ Farnborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú ṣíṣe rẹ̀ gòkè sí i. Ilé-iṣẹ́ Rolls-Royce fi ṣe abẹ̀bẹ̀ iwájú ẹ̀rọ náà, kí ó lè fúyẹ́. Abẹ̀bẹ̀ náà yege nínú àwọn ìdánwò ìṣáájú. Ní ọdún 1970, wọ́n yin adìyẹ òkú lù ú pẹ̀lú eré, gẹ́gẹ́ bí ẹyẹ ṣe lè kọ lu bàálù ní òfuurufú, ó sì fọ́ yángá. Irin titanium ni wọ́n padà lò. Owó tí iṣẹ́ ẹ̀rọ náà lápapọ̀ gbé mì pọ̀ débi pé ní ọjọ́ 4, oṣù Kejì, ọdún 1971, ilé-iṣẹ́ náà ṣubú sínú gbèsè, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà á sílẹ̀. Ohun tí ó le nígbà tí a bá rọra fà á lè má le nígbà tí a bá sọ òkò lù ú. Ìbéèrè ọ̀tọ̀ ni.

Èkejì kì í ṣe ti fọ́nrán kábọ́nù, ṣùgbọ́n ó kan ètò kọ̀ǹpútà gan-an. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹjọ, ọdún 1991, ìdí kọnkéré ńlá tí wọ́n ń ṣe fún ibùdó ìwapo Sleipner A rì sínú omi Gandsfjord, nítòsí Stavanger ní Norway. Àwọn àgbá kọnkéré 24 ni a so pọ̀ nínú rẹ̀. Ètò NASTRAN ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Ètò náà kò ní àléébù. Ènìyàn ni ó gé ègé rẹ̀ ní ìgékúgèé ní ibi tí ògiri àgbá kan ti pàdé òmíràn. Nítorí náà, iye tí ìṣírò sọ fún agbára tí ń gé ògiri náà ní ìbú fi ìdá 47 nínú 100 kéré sí bí ó ti rí gan-an. Nígbà tí wọ́n fara balẹ̀ tún un ṣe lẹ́yìn ìjàm̀bá, ìṣírò sọ pé yóò fọ́ ní ìjìnlẹ̀ omi mítà 62. Mítà 65 ni ó ti fọ́ ní tòótọ́. Ẹ kíyè sí i: ẹ̀rọ kan náà ni, ìbéèrè ni ó yàtọ̀. Kò sí ẹni tí ó kú, ṣùgbọ́n òfò rẹ̀ tó nǹkan bí 700 mílíọ̀nù dọ́là.

Ẹ̀kẹta ni ti bàálù Boeing 787. Nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n ara rẹ̀ ni ó jẹ́ ohun àpòpọ̀ onípele. Kí ó tó fò rárá, wọ́n so odindi bàálù kan mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ apá rẹ̀ sókè. Ní ojú ibi tí apá ti so mọ́ ara, wọ́n rí i pé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ju ohun tí kọ̀ǹpútà sọ lọ. Ní oṣù Kẹfà, ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé àwọn yóò sún ọjọ́ fífò síwájú kí wọ́n lè fi agbára kún ibẹ̀. Ọjọ́ 15, oṣù Kejìlá, ọdún náà ni bàálù ọ̀hún tó fò. Ìdádúró náà mú owó púpọ̀ lọ, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni àléébù náà ti hàn, kò sí ènìyàn kankan nínú ọkọ̀. Bí iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ti í rí nìyí.

Ẹ̀kẹrin ni ó dun ni jù. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹfà, ọdún 2023, ọkọ̀ abẹ́-omi Titan ń gbé ènìyàn márùn-ún lọ wo àlòkù ọkọ̀ Titanic, tí ó wà ní ìjìnlẹ̀ nǹkan bí mítà 3,800 nínú òkun Àtìláńtíìkì. Àgbá fọ́nrán kábọ́nù onípele, tí ó nípọn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 13, ni ara ọkọ̀ náà. Titanium ni wọ́n fi dé e ní orí àti ní ìdí. Ní irú ìjìnlẹ̀ bẹ́ẹ̀, lórí gbogbo ibi tí ó fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò, omi ń gbé ẹrù tí ó ju kílò 300 lọ lé e. Kí ọkọ̀ náà tó dé ìsàlẹ̀, ó wó mọ́ gbogbo wọn lórí. Àwọn aṣèwádìí ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìròyìn wọn jáde ní ọdún 2025. Wọ́n rí híhunjọ àti ihò nínú àwọn ìpele àgbá náà. Wọ́n rí i pé ariwo ńlá kan tí àwọn tí ó wọ̀ ọ́ ní oṣù Keje, ọdún 2022 gbọ́ jẹ́ àmì pé ìpele ti bẹ̀rẹ̀ sí tú, síbẹ̀ wọ́n tún wọ̀ ọ́ padà sínú òkun. Wọ́n sì sọ pé nítorí pé ìdánwò tí a ṣe fún un kò tó, àwọn tí ó ṣe é kò mọ agbára rẹ̀ gan-an.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1944, ojú àtè ni. Ní ọdún 1991, ibi tí ògiri ti pàdé ògiri ni. Ní ọdún 2009, ibi tí apá ti pàdé ara ni. Ní ọdún 2023, àárín ìpele àti ìpele ni. Igbá kì í sábà fọ́ ní ojú ibi tí ó ti dán. Ibi tí a ti gán an ni ó ti ń jò.

Ẹ̀KỌ́ TÍ Ó WÀ FÚN ÀWA OLÙKỌ́

Ẹnì kan lè sọ pé kí a kúkú pa ẹ̀rọ tì. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tọ̀nà. Láìsí ìṣírò yìí, bàálù ìsinsìnyí ìbá wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, epo tí wọ́n ń jó ìbá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àléébù púpọ̀ ni ìbá sì ti pa ènìyàn kí a tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí ìtàn yìí ń kọ́ wa ni bí a ṣe ń bá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ láì sọ ọ́ di òrìṣà. Ẹnjiníà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa sọ ègé rẹ̀ di wẹ́wẹ́ sí i, kí ó wò bóyá ìdáhùn yóò yí padà. A máa ro gbogbo ẹrù tí ó gbé lé e pọ̀, kí ó rí i bóyá ilẹ̀ tí ó gbé e dúró ń ti iye kan náà padà. A máa fi ìwé àti gègé ṣe ìṣírò kékeré tí ó fara jọ ọ́. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, a máa ṣe ohun náà gan-an, kí ó sì ṣẹ́ ẹ wò ní ibi tí kò ti ní pa ẹnikẹ́ni lára.

Àwọn ọmọ tí a ó kọ́ lọ́la yóò bá ẹ̀rọ tí ó yára ju èyí lọ dàgbà. Bí ọmọ bá mú kálíkúlétọ̀ dání, ẹ jẹ́ kí a ní kí ó kọ́kọ́ sọ bí ìdáhùn náà yóò ti pọ̀ tó lójú tirẹ̀ kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá mú ìdáhùn wá, ẹ jẹ́ kí a bi í pé, "Kí ni o bi ẹ̀rọ náà?" Ọmọ tí a kọ́ báyìí ní kíláàsì kẹta ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni yóò di ẹnjiníà tí yóò rántí yẹ àárín ìpele wò.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń lọ sí Ìlọrin, tí ó sì béèrè ọ̀nà Ìbàdàn, ọ̀nà Ìbàdàn ni a ó fi hàn án. Ẹni tí ó júwe ọ̀nà kò purọ́ fún un, bẹ́ẹ̀ ni kò ní dé Ìlọrin.